Ìjàlọ Bá Mi Pa Kòkòrò Àgbàdo Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi ò tíì balẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Láàárọ̀ yìí ni ìjàlọ ya wọ oko àgbàdo tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ugborikoko. Ilẹ̀ dúdú, ó ń rìn! Mo sáré gbé oògùn apakòkòrò, ni Màmá mi bá di ọwọ́ mi mú.

"Mama, dem go finish everything!"

"Gbé e sílẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo ẹ ni wọ́n wá jẹ. Kó gbogbo ohun ẹlẹ́mìí jáde, ká fi ilé sílẹ̀ fún wọn."

A fa ewúrẹ́, a fa ajá, a jáde.

Nígbà tá a padà dé nírọ̀lẹ́, kò sí kòkòrò kan lára àgbàdo. Kò sí alángbá, kò sí eku. Ìrẹ̀ pàápàá ò ké.

Ìgbà yẹn ni mo rántí adìẹ mi tó ń sàba lábẹ́ agọ̀, apẹ̀rẹ̀ tí mo fi dé e mọ́lẹ̀.

Mo ṣí agọ̀. Ó ṣì jókòó lórí ẹyin rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó tú ká: ìyẹ́ àti egungun lásán.

Ẹyin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣì pé. Màmá ní ká gbé wọn sábẹ́ adìẹ mìíràn.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ máa gbà?