Orúkọ Ẹja Lórí Afárá

Òórùn ẹrẹ̀ nígbà tí omi bá fà, tí èéfín ṣàwà tí wọ́n ń yan sì dà pọ̀ mọ́ ọn, ló máa ń jí mi ní kékeré ní Awoye. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà lórí omi mọ òórùn yìí: ó ń wọ inú aṣọ, ó ń wọ inú ìwé, ó tilẹ̀ ń wọ inú pupuru tí a kò tíì fi kan ọbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ lọ sí ilé ìwé, mo jí, mo gbóòórùn rẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí wọ inú eegun.

Kì í ṣe tíṣà ni mò ń bẹ̀rù. Afárá ni. Orí òpó ni ilé wa wà, pákó wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò ní ìbú lórí igi gbọọrọ méjì ló sì so wá mọ́ èbúté. Láàárín pákó kan àti èkejì, àlàfo wà tí èèyàn fi ń rí omi dúdú nísàlẹ̀, tó ń kọjá lọ bí ẹni tí kò rí tìẹ rò. Ìye mi, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe ìyá nílẹ̀ wa, ló máa ń pọ̀n mí kọjá. Ṣùgbọ́n ta ló ń pọn akẹ́kọ̀ọ́? Mo wọ ṣòkòtò kákí mi, mo ní n ó dá rìn. Mo dé àárín afárá, ẹsẹ̀ mi lẹ̀ mọ́lẹ̀. N kò lè lọ, n kò lè bọ̀. Ọmọ Ìlàjẹ tó ń bẹ̀rù omi! Ẹ ti rí ẹja tó ń bẹ̀rù ìwẹ̀ rí?

Àwọn ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìye jáde láti ìdí ààrò, ìpẹ́ ẹja kún ọwọ́ rẹ̀. Mo kígbe pé, "Má dì mí mú o!" Mo sọ ọ́ bí ọkùnrin, ṣùgbọ́n omijé ti ń ṣàn wọ̀ mí lẹ́nu.

Kò dì mí mú. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Ta ló fẹ́ dì ọ́ mú? Ẹja ni mo fẹ́ pè. Pákó iwájú rẹ yẹn, ṣàwà ni. Tẹ ṣàwà!" Mo tẹ̀ ẹ́. "Ọ̀bọ̀kún!" Mo tẹ̀ ẹ́. "Àrọ̀! Ẹpìyà! Edé, rọra o, edé kéré!" Bó ṣe ń pe ẹja ni ẹsẹ̀ mi ń gbéra, àfi bí ẹni pé ẹsẹ̀ náà kì í ṣe tèmi. Nígbà tí mo jókòó sínú ọkọ̀, mo gbé àyà sókè bí akọ pẹ́pẹ́yẹ. Nígbà tí tíṣà sì béèrè orúkọ mi, mo dáhùn pé, "Ọ̀bọ̀kún, sà." Orúkọ yẹn bá mi dé ìwé kẹfà, níbi tí èmi àti ilé ìwé ti dágbére fún ara wa.

"Bí ojú bá ń bẹ̀rù, ẹsẹ̀ ni kí o bá sọ̀rọ̀." Bí Ìye ṣe máa ń wí nìyẹn. Ó ń wí i nígbà tí ìgbì bá ń gbọn ọkọ̀ wa lọ́nà ọjà Ode Mahin. Ó wí i nígbà tí mò ń lọ bá bàbá ìyàwó mi sọ̀rọ̀, tí mo dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn bí òpó.

Ìyàwó náà ni Ìyá Táyọ̀. Ọmọ Ugbonla ni, ibẹ̀ náà la sì ń gbé lórí òpó dòní. Ẹja ló tà títí tó fi darúgbó. Àìsàn tí dókítà pè ní Pakinsini bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ láti ìka kan ṣoṣo. Nísinsìnyí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè lẹ̀ mọ́lẹ̀ lójijì. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni àìsàn kò rí gbé ṣe. Mo na ṣíbí ọbẹ̀ sí i, ó ní, "Ìkókó wo lo ń wá? Kọjá síwájú." Mo fẹ́ bá a de bọ́tìnnì, ó gbá ọwọ́ mi dànù. Mo lè jẹun tán kó má tíì de ẹyọ kan, ṣùgbọ́n tó bá dè é tán, á wò mí bí ẹni tó ṣẹ́gun ìlú.

Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ já sómi. Ẹ̀rù tèmi ni o, kì í ṣe tirẹ̀. Ni mo bá ra pákó tuntun, mo kàn án pa pọ̀ lórí afárá ilé wa, n kò fi àlàfo kankan sílẹ̀. Ó tẹ́jú bí tábìlì. Mo yin ara mi títí ó fi sú mi.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wá dé. Ìyá Táyọ̀ ni ìyá ẹgbẹ́, ó sì ti sọ fún gbogbo wọn pé ẹsẹ̀ òun lòun yóò fi rìn wọ ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé òun, kí wọ́n yan ẹlòmíràn. Ó dé àárín afárá tuntun mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àwọn obìnrin tó ń dúró dè é nínú ọkọ̀ na ọrùn wò ó. Awakọ̀ ké sí mi pé, "Bàbá, ṣé ká wá gbé Màmá ni?"

"Gbé ta?" Ìyá Táyọ̀ dáhùn. "Ẹni tó bá gbé mi, kó kúkú gbé mi lọ sí ibojì tààrà." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ fún mi: "Bàbá Táyọ̀, ilẹ̀ tí o ṣe yìí kò bá ẹsẹ̀ mi sọ nǹkan kan. Má sì dì mí mú o."

Bí ó ṣe sọ ọ́ ni mo gbóòórùn Awoye. Mo ní, "Ṣàwà!"

"Kí ni?"

"Mo ní kí o tẹ ṣàwà!"

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ló wá ń ṣàìsàn. Ó ti gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu Ìye nígbà ayé rẹ̀. Ó wá rántí, ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu. "Ta ló ń fi ṣàwà ṣáájú lọ́jà? Ọ̀bọ̀kún là ń kọ́kọ́ pè!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbéra. Mo ní, "Àrọ̀!" Ó ní, "Ẹpìyà!" Àwọn obìnrin inú ọkọ̀ gbà á lẹ́nu wa. Ìyá Táyọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọkọ̀, ó jókòó síwájú, ó fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n tún gèlè rẹ̀ ṣe, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a fà á. Mo wò ó, orí mi wú ju ti ọjọ́ tí mo gbé e níyàwó lọ.

Lọ́jọ́ kejì ni mo tú pákó wọ̀nyẹn, tí mo dá àlàfo padà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa rí pákó tó kàn láti tẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, tí mo máa wo ara mi, èmi ni mo ṣì wà láàárín afárá, tí mo fi ọwọ́ méjèèjì di igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá Táyọ̀," ìyá ẹgbẹ́ ké láti inú ọkọ̀, "ọwọ́ ta ló wá ń gbọ̀n báyìí?"

Gbogbo ọkọ̀ fi mí rẹ́rìn-ín, bíi ti ọjọ́ ilé ìwé ìjọsí. Ó na ọwọ́ sí mi. Ọmọ tó wọ ṣòkòtò kákí ìbá ti kígbe pé kí wọ́n má di òun mú. Àgbàlagbà tí mo dà kò kígbe. Mo pe ẹja títí dé etí ọkọ̀, mo tẹ edé, mo rọra, torí edé kéré, mo sì jẹ́ kó dì mí mú.