Èèyàn Mẹ́ta ní Ẹ̀yìn Dhaid

Aago márùn-ún àárọ̀ Sátidé ni mo jáde ní yàrá tí àwa obìnrin mẹ́fà jọ ń gbé ní Karama, nílùú Dubai. Iṣẹ́ ìyá wa ni mo ń lọ jẹ́. Kúnlé àbúrò mi, tó ń ṣọ́ oko ràkúnmí kan ní ilẹ̀ Sharjah, ló pe ilé pé òun fẹ́ pa kọ́ńtíráàtì òun tì kí òun sì padà sí Ìjẹ̀bú, bẹ́ẹ̀ ọdún kan gbáko ló ṣẹ́ kù. Màmá ní kí n lọ sọ fún un pé kó fara dà á. Èmi náà ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu, mo fẹ́ bá a wí dáadáa.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin metro dé Union, mo wọ bọ́ọ̀sì dé Sharjah ní dírámù méjìlá. Bọ́ọ̀sì kejì, tó ń lọ sí Dhaid, gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Títì yẹn tẹ́jú, kò sí kòtò, kò sì sí èèyàn. Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Àgọ́-Ìwòyè, ta ni kò ní rí ẹni tó ń ta ọsàn tàbí fùfú lẹ́bàá ọ̀nà? Níbí, ilé gogoro tán, ilé pẹlẹbẹ tán, ó wá ku iyanrìn pupa àti igi ẹlẹ́gùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, òkè olókùúta sì ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ní kí n máa ka èèyàn tí mo bá rí. Títí a fi dé Dhaid, mẹ́rin péré ni mo kà, ọ̀kan nínú wọn ń ti kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ ti jò.

Ọgbọ̀n dírámù ni takisí gbà dé oko. Awakọ̀, ará Pakistan, bi mí pé ta ni mo fẹ́ rí níbẹ̀. Mo ní àbúrò mi ni.

Ó ní, "Khalas, kò ju èèyàn mẹ́ta lọ níbẹ̀." Khalas ni wọ́n máa ń sọ níbí bí ọ̀rọ̀ bá ti parí.

Ràkúnmí ibẹ̀ tó ogójì, èèyàn jẹ́ mẹ́ta: Kúnlé, ará Sudan kan tó ń fún wàrà, tí kò gbọ́ ju Lárúbáwá lọ, àti bàbá ará Bangladesh tó ń bomi rin igi dàbínù. Bàbá náà rí mi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Ẹnu yà mí. Ó jókòó sídìí oúnjẹ rẹ̀, ó tún ní, "Ẹ kú iṣẹ́."

Kúnlé rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo kọ́ wọn. Ìyẹn nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí mo bá ń jẹun, ẹ kú iṣẹ́. Bí mo bá fẹ́ sùn, ẹ kú iṣẹ́."

Ó gbé ìrẹsì àti ẹran ewúrẹ́ fún mi, ló bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò dákẹ́ mọ́. Ó sọ orúkọ ràkúnmí, ó bèèrè àwọn ará àdúgbò wa lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ẹni tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ máa ń jà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé ṣíbí sílẹ̀ kí n lè sọ tèmi, kò fún mi láyè. Nígbà tí takisí tí yóò gbé mi padà kù díẹ̀ kó dé, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì jíṣẹ́ Màmá. Mo mọ ohun tí wọ́n ní kí ẹ sọ. Ẹ kàn jẹ́ ká ṣì máa sọ̀rọ̀."

Inú mi bàjẹ́ gan-an. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sẹ́nu láti Karama, n kò sọ ọ̀kankan.

Aago méje ìrọ̀lẹ́ ni mo padà dé. Èrò ń gbún ara wọn lẹ́nu ọ̀nà metro; ó máa ń bí mi nínú tẹ́lẹ̀, lọ́jọ́ yẹn kò bí mi. Mo pe Màmá kí n tó bọ́ bàtà.

"Ṣé ó gbọ́?" ni Màmá bi mí.

"Màmá, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ nílé."

Wọ́n ní, "Ó rù ni?"

"Kò rù rárá. Kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ ni."