Rímù Alọ́ì Mẹ́rin

Àna mi ni mo gbá létí nítorí rímù. Kì í ṣe àna àgbà, àbúrò ìyàwó mi ni, ṣùgbọ́n kò sí àna kékeré nílẹ̀ Yorùbá. Èmi tí mo wọ agbádá dọ̀bálẹ̀ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó, èmi náà ni mo gbé ọwọ́ sókè tí mo fọ́ ọ létí níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Oǹdó, níṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú ń tì mí títí dòní.

Àwọn ọdún tí ìjọba kì í san owó oṣù olùkọ́ ni. Mo ń kọ́ni ní Àkúrẹ́. Bí ilé ìwé bá ti parí, mo máa ń fi ọkọ̀ mi ṣe kábúkábú lọ sí Ìlárá-Mọ̀kín. Ọkọ̀ yẹn ló ń bọ́ wa. Kòtò ojú ọ̀nà ti wá tẹ rímù irin ẹsẹ̀ rẹ̀ débi pé táyà kì í gbé afẹ́fẹ́ dúró mọ́. Mo rí rímù alọ́ì mẹ́rin lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀. Ó ń dán yinrin-yinrin. Ara ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti tú u, ṣùgbọ́n ihò nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló ní, ihò mẹ́rin sì ni tèmi náà ní. Mo ka ihò, mo sanwó. Bẹ́ẹ̀, olùkọ́ ìṣirò ni mí o.

Nígbà tó di Sátidé, èmi àti ìyàwó mi kó o lọ sí Oǹdó, nítorí fọkanáísà ni àna mi, kì í sì í gbowó lọ́wọ́ wa. Ó gbé ọ̀kan kọ́ họ́ọ̀bù, ìyẹn orí irin tí rímù máa ń jókòó lé. Ó mú ìṣó, ó tì í bọ àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ìṣó wọlé. Ó wá fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì.

"Ẹ̀gbọ́n, kò bá a mu. Ihò àárín rẹ̀ tóbi ju họ́ọ̀bù yín lọ, bóòtì nìkan ni yóò máa gbé gbogbo ẹrù. Rímù yìí tún nípọn, bóòtì yín kò gùn tó. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni nọ́ọ̀tì yí tó fi dúró. Ẹ jẹ́ kí n bá yín lu ti irin yẹn kó tọ́."

"Mo ní kí o dè é."

"Mi ò ní dè é. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa jókòó sínú ẹ̀."

Àwọn awakọ̀ tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni n kò lè gbé mì. Ọwọ́ mi máa ń yá ju ẹnu mi lọ. Kí n tó mọ̀, ó ti dún. Ẹ̀jẹ̀ yọ létè rẹ̀. Kò gbá mi padà. Ó nu ẹnu, ó fi èdè Oǹdó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó má wọ ọkọ̀ náà, ó sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Ìyàwó mi wò mí, ó wo àbúrò rẹ̀, ó wọ ọkọ̀.

Fọkanáísà kejì wà lẹ́yìn ìlú, ará Àkúrẹ́ ni. Òun kò jiyàn. Ó gé agolo mílíìkì, ó lù ú pẹlẹbẹ, ó ká a mọ́ họ́ọ̀bù kí àlàfo lè dí, ó wá fi òòlù gbá rímù wọlé. Nígbà yẹn, kò sí ohun tí a kì í fi agolo mílíìkì tún ṣe. Ó gun orí sípánà, ó ń fò lé e.

"Tíṣà, ẹ máa lọ ulé. Ó ti le."

Ìyàwó mi yíjú sí ojú ọ̀nà. Mo rò pé mo ti borí ni.

Eré burúkú ni mo sá. Mò ń bú àna mi, mò ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu ìdarí ọkọ̀. Wọ́n ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Bọ́lọ́rundúró ni mo rí táyà kan tó ń yí lọ níwájú wa, mo sì ń rò ó pé ta ni orí rẹ̀ burú báyìí. Iwájú ọkọ̀ já lulẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Irin ń ha ọ̀dà, iná ń ṣẹ́ jáde. A lọ kọlu ògiri gọ́tà, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyàwó mi jókòó sí ló sì gbà á. Mo gbọ́ nígbà tí egungun itan rẹ̀ dá.

Àwọn àgbẹ̀ sáré wá láti inú oko, wọ́n fi àdá já ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n fà á tó ké, mo ti ọ̀kan nínú wọn lulẹ̀. Ó dìde, ó fi pẹlẹbẹ àdá nà mí lẹ́yìn.

"Wèrè! Ṣebí ìyàwó rẹ là ń yọ!"

Ní ilé ìwòsàn ní Oǹdó, wọ́n fi okùn so ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ sókè. Lọ́jọ́ kejì, mo wọlé tọ̀ ọ́ pẹ̀lú sípánà táyà lọ́wọ́. Mo ní mò ń lọ fọ́ orí ará Àkúrẹ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ sá jáde.

"Mo gbọ́ ọ," ni ìyàwó mi wí.

"Kí lo gbọ́?"

"Táyà náà. A ò tíì dé Bọ́lọ́rundúró tó ti ń ró lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó pẹ́ tó ti ń ró."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Ìrọ̀rí rẹ̀ ti yẹ̀ kúrò lábẹ́ orí rẹ̀. Mo gbé sípánà sílẹ̀, mo na ọwọ́ kí n bá a tún un ṣe. Ó fi apá méjèèjì bo ojú.