Ọdún Kan Péré fún Sòbìà

Lọ́dún 1956, Rúùtù Adéríbigbé ń ṣe tíṣà nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Ọ̀yọ́. Ó ti gboyè àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n sòbìà ni kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ ló máa ń dá àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé; iṣu á wà lóko, ẹsẹ̀ ò ní ṣeé tẹ̀. Rúùtù fẹ́ mọ ìgbà tí kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń gbé àrùn náà máa ń pọ̀ jù nínú omi.

Owó oṣù tíṣà kò lè gbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ìgbìmọ̀ kan ní Ìbàdàn fẹ́ fowó rán ẹnì kan ṣoṣo lọ kọ́ iṣẹ́ ìwádìí fún ọdún méjì, ó kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì pè é. Ọkùnrin mẹ́rin ló jókòó dè é. Ó dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bi í nípa omi. Ni èyí tó dàgbà jù bá yọ awò ojú rẹ̀.

"Bí a bá náwó lé ọ lórí tán, tí o wá relé ọkọ ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ kò ní béèrè bóyá mo ti lọ́kọ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó máa lọ retí lẹ́tà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló fi retí èsì. Bó bá ti gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ ẹni tó ń pín lẹ́tà, ṣọ́ọ̀kì á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́tà wá dé, ẹ̀rù tún pọ̀ sí i. Wọ́n gbà á, àmọ́ ọdún kan péré ni wọ́n fún un nínú méjì. Àbọ̀ tó bá jẹ́ ni yóò sọ bóyá èkejì á wà. Wọ́n sì fẹ́ onígbọ̀wọ́ tó nílé, tí yóò dá owó padà bí iṣẹ́ náà bá forí ṣánpọ́n.

Bàbá rẹ̀, Mátíù, ń ṣe káfíńtà nítòsí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Rúùtù mú ìwé náà lọ bá a, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má fọwọ́ sí i, kí ilé rẹ̀ má bàa bá a lọ. Bàbá ní kó kà á sí òun létí lẹ́ẹ̀mejì.

"Àníkẹ́," ó fi oríkì pè é, "èmi ni mo kọ́ ilé yìí. Bí wọ́n bá gbà á, wọn ò lè gba ọwọ́ tí mo fi kọ́ ọ. Mú kálámù wá."

Rúùtù lọ sí Ìbàdàn. Lóṣù keje tó débẹ̀, gbogbo kòkòrò tó ń sìn nínú ìgò kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sì mọ ohun tó pa wọ́n. Ilé bàbá rẹ̀ ló ń rò. Ó ń ṣe é bíi pé kó hùmọ̀ èsì, ṣùgbọ́n ó padà sí Ìkòyí-Ilé, ó pọn omi míì, ó gbé e lé ẹsẹ̀ nínú lọ́rì títí dé Ìbàdàn. Nínú àbọ̀ rẹ̀, ó kọ iye tó kú, ó sì kọ ọ́ pé òun kò mọ ìdí rẹ̀.

Wọ́n fún un ní ọdún kejì. Ó parí iṣẹ́ náà lọ́dún 1959, ó wá mú aṣọ kan lọ bá ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé, ó sì sọ àwọn oṣù tó yẹ kí wọ́n máa fi sẹ́ kòkòrò náà kúrò nínú omi.

"Ṣé ohun tí wọ́n fi ọdún méjì kọ́ ọ nìyí?" ni ìyá àgbà bi í.

"Apá kan rẹ̀ ni, Ìyá."

Ìyá àgbà na ọwọ́ gba aṣọ náà.