Ògbómọ̀ṣọ́ Tí Ọmọ Mi Kò Lọ

Ní ọdún tí ọmọbìnrin mi fi dùbúlẹ̀, bí ẹ bá bi mí léèrè rẹ̀ ní ọjà Makola, màá ní ó ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi kan. Mi ò ní ẹ̀gbọ́n kankan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi fúnra mi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo débẹ̀ rí, ooru mú mi, mo sì yára padà sí Accra tí wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n gbogbo Alata, ìyẹn àwa Yorùbá tó wà nílẹ̀ Ghana, ló ní Ògbómọ̀ṣọ́ kan tàbí Ọ̀fà kan tó lè kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, kò sì sẹ́ni tó máa wọkọ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá oníbọ́tìnnì tí ìsọ̀ rẹ̀ fara kan tèmi nìkan ló máa ń béèrè: "Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́?" Màá ní ó kí wọn.

Aṣọ ni mò ń tà. Lapaz, nínú Accra níbí, la ń gbé, èmi àti òun nìkan, torí bàbá rẹ̀ ti rí ìyàwó tí ẹnu rẹ̀ kò mú tó tèmi ní Kùmásí. Mo bá wọn yọ̀.

Dókítà ní àìsàn ọpọlọ ni, ó sì pe orúkọ gígùn kan tí n kò lè pè. Bí èmi ṣe rí i nìyí: ìgbà kan á wà tí ọmọ yìí ò ní sùn, á máa sọ̀rọ̀ bíi rédíò, á fẹ́ kun gbogbo ilé lọ́dà, á fẹ́ kọ́ èdè Ṣáínà. Tí ìyẹn bá lọ tán, á ṣubú lulẹ̀ bí aṣọ tó já bọ́ lórí okùn, á kọjú sí ògiri. Kẹ́ńkẹ́, oúnjẹ àgbàdo tí mo bá rà fún un nígbà tí mò ń bọ̀ láti ọjà á wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, ìwẹ̀ á di iṣẹ́ ńlá. Odidi ọdún kan ló fi wà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó rí oògùn tó bá a lára mu. Ọjà ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó fi ń pe gbogbo àìsàn tó bá ti kan orí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi pe ọmọ mi. Ìdí Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn.

Ó padà sí ilé-ìwé, ó jókòó láàárín àwọn tó kéré sí i, ó sì ṣe é débi pé àwọn olùkọ́ ń kí mi lójú ọ̀nà. Ìgbà yẹn ló wá sọ fún mi pé òun fẹ́ bẹ yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà kí wọ́n gba òun.

"Ṣé wọ́n máa gbà ẹ́?"

"Màámi, èèyàn díẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Àwọn tó gba ipò kìíní gan-an, wọ́n ń lé wọn."

"Kí ni wọ́n wá ń tà níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu. Èmi tí mò ń fa oníbàárà lápá láàárọ̀ kó lè wọlé, àṣé àwọn kan wà níbìkan tí oníbàárà ń tò síwájú ilé wọn, tí wọ́n sì ń lé wọn dànù. Mo ní màá dán irú ọjà bẹ́ẹ̀ wò. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan ń ná mi ní ìnákúnàá, mo bá ní kó máa lọ. Ó sì lọ.

Iṣẹ́ tí ọmọ yìí ṣe ní oṣù mélòó kan yẹn, ẹ̀yìn àtẹ aṣọ mi ló ti ṣe é, lórí fóònù rẹ̀. Wọ́n ní kó kọ irú ẹni tí òun jẹ́ ránṣẹ́. Bí ara rẹ̀ bá wúwo, kì í bá ara rẹ̀ jà. Á kàn ní, "Màámi, òní ò dáa," bí ẹni ń sọ pé òjò ti ṣú. Màá gbé aṣọ síwájú rẹ̀, á máa ká a. Tó bá ká a tán, á kọ ìlà kan, á sì ní ó tó. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá wá yá ju bó ṣe yẹ lọ, tó kọ ọ̀rọ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, tí gbogbo rẹ̀ ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ìgbà yẹn ni kò ní í fi nǹkan kan ránṣẹ́. Á na fóònù sí mi: "Ẹ bá mi fi í sápò títí dọ̀la." Mo mọ ọkùnrin kan ní Kùmásí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di arúgbó, tí kò tíì mọ ìgbà tó yẹ kí òun gbé fóònù òun fún ẹlòmíràn.

Ibi tí a ti jà ni ọ̀rọ̀ ọdún tó fi dùbúlẹ̀. Ó ní bó ṣe rí gẹ́lẹ́ lòun máa kọ ọ́.

"Kọ Ògbómọ̀ṣọ́ síbẹ̀!"

"Tí wọ́n bá ní kí ni mo lọ ṣe níbẹ̀ ńkọ́?"

"Sọ pé o lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀gbọ́n yín wo?"

Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, mo ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é fún un. Bí aṣọ bá ní àbààwọ́n, inú là ń ká a sí. Ìgbà tí ẹni tó rà á bá délé ló máa rí i.

"Tó bá wá dá a padà?"

"Mi ò gba ọjà padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí."

"Àwọn máa dá a padà, Màámi. Èmi sì ni ọjà náà."

Mo fa aṣọ kan síwájú, mo ń ká a. Òun ń kọ ọ́ lọ bó ṣe rí.

Nígbà tó yá, yunifásítì náà ránṣẹ́ pé obìnrin kan tó ti jáde nílé-ìwé náà rí, tó ń ṣiṣẹ́ nínú Accra níbí, máa fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Mo sìn ín lọ. Àwa kì í mi apá lásán lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè ṣe wá lóore, nítorí náà, mo fi aṣọ yáàdì mẹ́fà sábẹ́ abíyá, ojúlówó. Wọ́n ní kí n dúró síta. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọmọ láti jáde, èmi wọlé. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo gbé aṣọ kalẹ̀, mo fi èdè Twi kí obìnrin náà. Ẹni tó mọ̀wé dunjú ni, ṣùgbọ́n Twi rẹ̀ dùn.

"Mama, mi ò lè gba èyí. Wọ́n á ní ẹ fi ra ọ̀nà fún ọmọ yín."

"Rà kẹ̀? Èènì ni."

"Èènì orí kí ni? Mi ò tíì ra nǹkan kan."

"Ẹ ṣì máa rà."

Ọmọ mi, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ti fọwọ́ bojú. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó dá aṣọ padà sí mi lápá, ó ní, "Mama, ẹ kú ìtọ́jú. Ọmọ yín sọ fún mi nípa ọdún tó fi ṣàìsàn."

Ẹnu mi kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ mi. "Rárá o," ni mo wí. "Ògbómọ̀ṣọ́ ló lọ."

Obìnrin náà wo ọmọ, ó wò mí, bí oníbàárà tó gbọ́ iye méjì lórí aṣọ kan ṣoṣo. Ẹnì kan nínú wa ń purọ́, kò sì mọ ẹni tó jẹ́. Gbogbo ìlà tí ọmọ yìí fi ara tó wúwo kọ, mo ti fẹ́ fi gbólóhùn kan pa á rẹ́.

Ọmọ mi ò sunkún. Yorùbá, tí kì í fẹ́ bá mi sọ níta, ló fi dá mi lóhùn, wọ́ọ́rọ́wọ́: "Màámi, ẹ jẹ́ ká kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́."

Mo jókòó láìjẹ́ pé wọ́n fún mi níjòókòó. Mo ní, "Màdáámù, èmi ni mo purọ́, òun kọ́." Mo sọ nípa ògiri àti kẹ́ńkẹ́ tí kò jẹ, mo sọ nípa aṣọ kíká àti fóònù tó ń sùn nínú àpò mi. Yàtọ̀ sí ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Kò pa mí. Nígbà tí mo ṣe tán, obìnrin náà kàn ní, "Ẹ má gbàgbé aṣọ yín, Mama."

Nínú ọkọ̀ trotro tí a wọ̀ padà, mo ní, "Mo ti bà á jẹ́." Ọmọ ní, "Ó ṣeé ṣe." Ó wá rán mi létí pé ká ra omi, oògùn òun ti tó ó lò.

Lẹ́nu ọjà ni èsì bá a, lọ́sàn-án gangan, bí èmi àti oníbàárà kan ti ń fa ọ̀rọ̀. Ó wo fóònù, ó jókòó lórí ìdì aṣọ, ó ní, "Wọ́n gbà mí." Igbe tí mo ké, oníbàárà mi sá jáde. Ẹ wá wo ohun tí ọmọ yìí ṣe. Kò dá wọn lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Ó kọ́kọ́ béèrè dókítà tó máa máa rí òun níbẹ̀, ó béèrè bí òun ṣe máa máa rí oògùn, ó sì béèrè bóyá wọ́n máa bá òun tọ́jú àyè òun bí irú ọdún yẹn bá tún dé. Ilé-ìwé tó ń lé èèyàn, ọmọ mi ń ná wọn! Wọ́n sì dáhùn gbogbo rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó tó ní òun gbà.

Ìyá oníbọ́tìnnì ti gbọ́ igbe mi. Ó na ọrùn wá: "Ibo ló tún ń lọ? Ṣé Ògbómọ̀ṣọ́ náà ni?"

"Amẹ́ríkà ni," mo wí. Ọmọ mi ń wò mí. "Kò sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Àìsàn ọpọlọ ló ṣe é, ilé ló wà."

"A mọ̀ tipẹ́."

"Ẹ mọ̀ báwo?"

"Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kẹ́ńkẹ́ ta ló ń rà mọ́ tirẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́?" Ó yíjú sí ọmọ mi. "Ìwọ, wá mú bọ́tìnnì tó dáa. Wọ́n ní òtútù pọ̀ níbẹ̀."