Lẹ́ǹsì Tí Mo Gbé Lọ Sí Ìfọ́n

Bí òórùn ọṣẹ dúdú àti òrí bá kọ lu imú mi lẹ́ẹ̀kan náà, àyà mi a já. Àwọn ẹlòmíràn á ní ilé ọlọ́mọ tuntun ń ta sánsán. Èmi ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín sí i. Ó máa ń dá mi padà sí ọdún tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún dá wàhálà sílẹ̀ láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n, tí ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn ní Ìlobù, tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì bímọ sílé ọkọ rẹ̀ ní Ìfọ́n. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ á rò pé ọ̀nà náà jìn. Kò jìn rárá! Nígbà tí ayé dára, ìyá mi a gbé ọbẹ̀ kaná, a lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Ìfọ́n, a sì padà wá bá ọbẹ̀ náà kó tó jóná. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń wí yìí, sójà ló wà lójú ọ̀nà, ọlọ́kadà kan ò sì fẹ́ gbé ènìyàn kọjá.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá mi. Ọkàn rẹ̀ ló ń dà á láàmú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, mímí sì di iṣẹ́ ńlá fún un. Dókítà ní kí a máa tọ́jú rẹ̀ nílé, ó sì yẹjú fún mi bó ṣe ń sọ ọ́, ó yé mi. Bẹ́ẹ̀, nílẹ̀ tiwa, ìyá ìyàwó ló máa ń lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun. Láti ìgbà tí oyún ẹ̀gbọ́n mi ti yọ ni ìyá mi ti ra kànrìnkàn ìbílẹ̀. Ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ó fọwọ́ ra á títí ó fi rọ̀, ó sì fi òwú pupa di ìdí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa má baà fi fọ abọ́. Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni kànrìnkàn náà wà nígbà tí ọmọ dé tí òun ò lè dìde.

"Ẹ jẹ́ n rí ọmọ yẹn kí n tó lọ." Ọ̀rọ̀ tó ń sọ láàárọ̀ lọ́sàn-án nìyẹn. Mo ní kí wọ́n fi fóònù yà á ránṣẹ́, ó ní kí a má yọ ara wa lẹ́nu, ojú òun ti ṣú, òjìji lásán ni òun ń rí nínú fóònù. Ó fẹ́ fọ́tò ńlá tó ṣeé fọwọ́ mú, tó ṣeé gbé sún mọ́ ojú. Ta ni ìbá tún rán bí kì í ṣe èmi? Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe jẹun ní Òṣogbo, mo sì gbéra ga nígbà náà. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí ní "onífọ́tò", màá ní kó pè mí ní "fọtogíráfà".

Ọ̀rọ̀ wá kan lẹ́ǹsì, ìyẹn ojú tí kámẹ́rà fi ń ríran. Méjì ni mo ní. Kúkúrú ọ̀hún dára gan-an fún ọmọ tuntun, nítorí kì í bèèrè ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, irun tó wà létí ọmọ pàápàá á hàn. Àmọ́ àfi kí n sún mọ́ ọmọ náà bí ẹni fẹ́ gbé e. Gígùn ní tirẹ̀, mo lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n ti ibẹ̀ já ojú ọmọ gbà. Ohun tí mo sì nílò gan-an nìyẹn, torí pé ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti ránṣẹ́ ṣáájú: a kì í ya ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ, kí ẹnikẹ́ni má gbé kámẹ́rà dé ọ̀dọ̀ òun. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì dúdú tó gùn tó apá, kí n gbé e láti Ìlobù lọ sí Ìfọ́n lójú àwọn sójà, ní irú àkókò yẹn? Sójà á ní ìbọn ni. Bí mo bá bọ́ lọ́wọ́ sójà, àwọn ará ibẹ̀ á ní ilẹ̀ ni mo wá yà fún àwọn ènìyàn mi. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bí lẹ́ǹsì mi méjèèjì ṣe rí nìyẹn. Mo fi ọ̀kan sí i, mo yọ ọ́, mo fi èkejì sí i, mo tún yọ ọ́, mo sì ń gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń wá èémí nínú yàrá.

"Kí lò ń tú, tí ò ń tò bẹ́ẹ̀?" ni ó bèèrè láti orí bẹ́ẹ̀dì. Mo ṣàlàyé. Ó sinmi díẹ̀ kí ó tó lè sọ̀rọ̀. "Èyí tó máa jẹ́ kí o débẹ̀ ni kí o mú." Ó na kànrìnkàn rẹ̀ sí mi. "Kí o sì bá mi gbé èyí dání."

Kúkúrú ni mo mú. Mo fi ọjá we kámẹ́rà, mo tì í sáàárín aṣọ ọmọ tí mo kó sínú báàgì, mo fẹsẹ̀ rìn. Sójà tú báàgì mi síta pátá. Ó gbé kámẹ́rà náà sójú, ó fi wo igi, ó fi wo èmi náà, ó ní, "Kí lo fẹ́ yà?" Mo ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni sà, ìyá wa ń kú lọ." N kò tíì sọ ọ́ jáde lẹ́nu bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo ṣe gbọ́ ọ létí ara mi, ẹkún gbọ̀n mí, àgbà ọkùnrin lójú títì! Ó kó ẹrù mi padà sínú báàgì, ó ní kí n máa lọ.

Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó bèèrè àlàáfíà ìyá mi, ó gbé omi fún mi. Bó ṣe rí kámẹ́rà ni ojú rẹ̀ yí padà.

"Ọmọ mi, mo ti ránṣẹ́ sí yín. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ tí kò tíì jẹ́ nǹkan kan, ojú rẹ̀ ò ní kúrò nílé yìí, pàápàá lásìkò tí a wà yìí. Ẹ má bínú."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ń bá mi kẹ́dùn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ̀. Bí ó ṣe yíjú, mo wo ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀, mo wo kámẹ́rà. Lẹ́ǹsì gígùn ìbá ti ṣe é, á já ojú ọmọ gbà kí ìyá ọkọ rẹ̀ tó bojú wẹ̀yìn. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, láti ibi tí mo wà, ọmọ á kéré bí ìka. Ẹ̀gbọ́n mi mọ ohun tí mò ń rò. Ó mi orí. "Má dán an wò," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ìwọ á lọ, èmi ni màá máa bá wọn gbé."

Ó parí nìyẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń ronú ohun tí màá wí fún ìyá mi. Mo wá rántí iṣẹ́ kejì tó rán mi, mo yọ kànrìnkàn, mo fi lé ìyá ọkọ lọ́wọ́. Mo ní ìyá wa ní kí n gbé e wá.

Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó fọwọ́ kan òwú pupa náà. "Àwọn fúnra wọn ló dì í?"

"Àwọn ni, Màmá. Wọ́n fẹ́ wá fi wẹ ọmọ ni."

Ó wọlé, ó gbé bàsíà omi gbígbóná, ọṣẹ dúdú àti òrí jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ wá. Ó jókòó sórí àpótí, ó da ọmọ náà dojú bolẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. "Ó yá, sún mọ́ mi. Ojú rẹ̀, rárá o. Àmọ́ bí mo ṣe ń wẹ̀ ẹ́, yà á fún wọn."

Mo sún mọ́ ọn débi tí omi fi ń ta sí mi lára. Oòrùn àárọ̀ ń wọlé láti orí ògiri, lẹ́ǹsì kúkúrú sì rí gbogbo rẹ̀: ẹ̀yìn ọmọ, fóòmù ọṣẹ, ọwọ́ ìyá arúgbó náà tó di ọrùn rẹ̀ mú, àti kànrìnkàn olówùú pupa. Inú mi ò tilẹ̀ dùn. Ojú ni wọ́n rán mi, ẹ̀yìn ni mò ń gbé lọ.

Mo gba Òṣogbo, mo tẹ̀ ẹ́ jáde ní ńlá, mo sáré padà sí Ìlobù. Lójú ọ̀nà ni mo ti ń kó àwáwí jọ. Ìyá mi gbé fọ́tò náà sún mọ́ ojú débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Òwú mi rèé." Ó ń fi ìka tẹ̀lé e. "Ta ló ń wẹ̀ ẹ́?"

"Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni, Mà. Wọn ò jẹ́ kí n ya ojú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má—"

"Dákẹ́ ná. Wo bí wọ́n ṣe di ọrùn rẹ̀ mú. Wọ́n mọ ọmọ wẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, ohun tí mò ń rò ni pé, nínú ìjà yìí, ta ni yóò bá mi tọ́jú ọmọ tí ọmọ Ìlobù bí sí Ìfọ́n? Mo ti rí i." Ó gbé fọ́tò náà lé àyà. Kò bèèrè ojú ọmọ lọ́wọ́ mi títí ó fi kú, kò sì dúró de ìsọmọlórúkọ.

Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Mo ti ra lẹ́ǹsì mìíràn, ojú ọmọ tí mo sì ti yà kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n fọ́tò yẹn nìkan ló wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn oníbàárà máa ń bi mí pé, "Onífọ́tò, ojú ọmọ ńkọ́?" N kì í bá wọn jà mọ́ lórí orúkọ. Nígbà tí ọmọ náà wá kí mi láìpẹ́ yìí, ó dúró níwájú rẹ̀, ó ní, "Ṣé èmi nìyí?" Mo ní òun ni. Ó ní, "Ta ló ń wẹ̀ mí?"

Mo ní, "Màmá Ìfọ́n àti Màmá Ìlobù."

Ó wò ó títí. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ni òun ń rí. Mo gbé e sókè kí ó lè fọwọ́ kan òwú náà.