Ìdí Èékánná Ọmọ Mi

Ọmọ mi obìnrin kì í rìn tẹ́lẹ̀. Sísáré ló máa ń sáré lọ sí ilé ìwé l'Ómù-Àrán. Nígbà tó yá, kò lè dìde nílẹ̀ láìjẹ́ pé ó di nǹkan mú, kò sì lè gbé apá sókè wọ aṣọ. Ìpénpéjú rẹ̀ wú, ó pọ́n. Oríkèé ìka rẹ̀ ń bó, ìdí èékánná rẹ̀ sì pupa bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un káàkiri.

Olùkọ́ rẹ̀ nà án nítorí pé kò tètè dìde kí i. Mo lọ bá a. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti kẹ́ ọmọ yìí jù. Ọ̀lẹ ni."

Ní ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ lọ, nọ́ọ̀sì wo ìka náà, ó wá wo èmi náà láti òkè délẹ̀. "Ìpara wo lẹ fi ń bó ọmọdé?" Èmi tó jẹ́ pé òrí nìkan ni mo fi ń pa á lára láti ọjọ́ tí mo ti bí i. Oògùn ibà ni wọ́n kó fún wa.

Bàbá rẹ̀ pọ̀n ọ́n dé gáréèjì, a wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin. Dókítà obìnrin kan di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó kán òróró sí ìdí èékánná rẹ̀, ó sì gbé awò kékeré kan tó ń tàn lé e. Ó wò ó pẹ́.

"Mọ́mì, ẹ wá wò ó."

Mo fojú sí i. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín tó yẹ kó tò jẹ́jẹ́, òmíràn wú bí ekòló, òmíràn ti já, ibòmíràn ṣófo.

Ó ní, "Ara rẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀ jà. Ohun tó ń ṣe awọ yìí náà ló ń ṣe ẹran apá àti itan rẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ fà á."

Mo sunkún, ìbínú ló pa mí lẹ́kún. Ojú gbangba ni àìsàn yìí wà. Wọ́n wò ó, wọ́n rí ọ̀lẹ, wọ́n rí ìpara.

Oògùn tí dókítà náà fún un mú kí ojú rẹ̀ wú rọ̀bọ̀tọ̀, a sì ń fi aṣọ bò ó nínú oòrùn, torí oòrùn ń mú kí awọ rẹ̀ burú sí i. Ṣùgbọ́n ó ti ń dá dìde. Dókítà ní àwọn iṣan kan ti ń padà bọ̀ sípò. Mo ti mú un kúrò lọ́wọ́ olùkọ́ yẹn. Bí mo bá rí olùkọ́ náà lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò kí i. Ọkọ mi ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán. Kò tíì tán.